Kọ́kọ́rọ́ Tí Kò Fẹ́ Yí

Ọjọ́ tí ejò bu ìyá mi jẹ lóko wa lẹ́yìn ìlú Akínyẹlé kò lè kúrò lọ́kàn mi. A gbé wọn sínú ọkọ̀ àtijọ́ bàbá mi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò yí. Epo pupa tí a gbé wá kí ìyá mi mu ni bàbá mi dà sínú ihò kọ́kọ́rọ́. Pàbó ló já sí. Bàbá mi bú sẹ́kún. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Ìyá mi la ojú díẹ̀. “Bàbá Ṣadé, ẹ máa mi sítíárìn bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́.”

Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ sì dáhùn.

Ìyá mi yè. Wọn kò wakọ̀ rí láyé wọn, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni wọ́n fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, tí wọ́n ń wo ọwọ́ tó ń mi sítíárìn àti ọwọ́ tó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà.