Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Ohùn Irin

Òórùn káfúrà ni yàrá bàbá mi ń rùn fún ọjọ́ gbọọrọ lẹ́yìn tí a ti sin wọ́n. Káfúrà tí wọ́n pò mọ́ omi ìwẹ̀ ìkẹyìn ni. Ó wọ inú ẹní, ó wọ inú aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ojú fèrèsé, kódà mo ń gbóòórùn rẹ̀ lára búrẹ́dì tí a bá gbé kalẹ̀ níbẹ̀. Fèrèsé náà kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ẹdẹ, níbi tí ìdajì ògiri alámọ̀ àtijọ́ ṣì dúró, tí ewúrẹ́ aládùúgbò máa ń gùn lórí. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, mi ò sunkún, mi ò ronú. Bí wọ́n bá ní kí n wá jẹun, màá jẹ. Bí wọ́n bá ní kí Ọlọ́run forí jin bàbá, màá ṣe àmín. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo gbà fún Ọlọ́run. Kì í ṣe pé mo gbà o. Ara mi ló kú.

Bàbá mi kò fi dúkìá sílẹ̀ lọ títí. Télọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ, ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, àti ilẹ̀ oko díẹ̀ lọ́nà ìlú Ara, ó tán. Ohun tí gbogbo wa kà sí ogún gan-an ni òrùka fàdákà olókùúta pupa tó máa ń wà ní ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn. Bí a ṣe gbọ́ ọ, bàbá tó bí wọn ló mú un bọ̀ láti Mẹ́kà. Ìwọ náà mọ̀ pé ọkùnrin Mùsùlùmí kì í fi wúrà sọ́wọ́, fàdákà ni tiwa. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé àkọ́bí ọkùnrin ni yóò jogún rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn sì ti mọ ìka tí yóò fi í sí tipẹ́. Ó ti ní òun máa kọ́kọ́ gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó bá òun dín in kù, kó sì wọ̀n ọ́n kí a lè mọ iye tó tó nínú ogún. Nígbà tí a jókòó láti pín ogún, a ka aṣọ, a ka ẹ̀rọ, a dé orí òrùka, òrùka ò sí.

Ẹni tó wẹ òkú bàbá mi ni bàbá ìyàwó mi. Ní àdúgbò wa, àwọn ni wọ́n máa ń pè bí ọkùnrin bá kú, bí wọ́n ṣe pe bàbá wọn ṣáájú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbẹ́ kòtò tí kò jìn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á gbé pákó sórí rẹ̀, wọ́n á tẹ́ òkú sí i, wọ́n á sì fi aṣọ bò ó. Abẹ́ aṣọ lọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo omi á ṣàn sínú kòtò, wọ́n á wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, áḿbèlètasé pé yóò gbẹ́ ẹ. Èkejì òfin náà sì wà fún ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Ohun yòówù tó bá rí lára òkú, ibẹ̀ ló ń fi í sí.

Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n lójú gbogbo ẹbí pé òrùka dà. Àna mi wo ẹní tí wọ́n jókòó lé. Wọ́n ní, “Ohun tí ọwọ́ mi bá kàn lára òkú, ẹnu mi kì í sọ ọ́.”

Ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní ó ti yé òun, olè ò jìnnà. Ẹyin lohùn, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró ní ìkóríta, wọ́n sì ti fi tiwọn kún un. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé bàbá òun. Ó ní, “Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí òrùka yín, ẹ wá pè mí.” Ó yẹ kí n dì í mú, àbí? Mo bá a gbé àpótí dé ibi kẹ̀kẹ́, mo sì padà sílé.

Nígbà tó di pé ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo pé òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà dé mọ́sáláṣí, kí àwọn àgbà gba iṣẹ́ òkú wíwẹ̀ lọ́wọ́ àna mi, mo ní kó fún mi ní àyè díẹ̀, bóyá òrùka ọ̀hún bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà ni. Mo lọ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. O ti rí irú rẹ̀ rí: ọ̀pá gígùn, abọ́ pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, tó bá ti kan irin nínú ilẹ̀ á ké. Yéè, ẹ̀rọ yẹn ké fún mi! Ilé àtijọ́ ni tiwa, ìdílé mélòó ló ti gbé ibẹ̀ kú. Ìṣó, agolo tòmátò, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú ọkọ́ tó ti jẹ tán, gbogbo rẹ̀ ló ń dún bákan náà. Mo tú ilẹ̀ bí adìyẹ. Àwọn aládùúgbò ń yọjú lórí ògiri, wọ́n ń bi mí bóyá iṣu ni mo fẹ́ gbìn. Títún rédíò ṣe niṣẹ́ mi, mo mọ̀ pé ariwo tí kò ya ohun kan sọ́tọ̀ kò sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Mo dá a padà, mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti ra èyí tó dáa.

Obìnrin kan ló ń tà á, nínú ṣọ́ọ̀bù tó kún fún ṣọ́bìrì, bàtà òjò àti ẹ̀rọ tí ń fa omi, ọjà àwọn tó ń wa wúrà. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá nínú ilẹ̀. Mo ní fàdákà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní wúrà ni gbogbo ayé ń bá òun wá, bóyá mo sùn gbàgbé ni. Ó gbé mẹ́ta síwájú mi. Àkọ́kọ́, arákùnrin èyí tí mo yá ni, ọ̀dà rẹ̀ nìkan ló tuntun. Èkejì, etí rẹ̀ mú débi pé hóró wúrà tó kéré bí iyọ̀ kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé bí mo bá gbé e dé ilẹ̀ ilé àtijọ́, ariwo rẹ̀ á sọ mí di wèrè. Ẹ̀kẹta ní ojú gíláàsì kékeré bí fóònù, nọ́ńbà ń yọ níbẹ̀.

Ó to nǹkan sílẹ̀ fún mi: ìṣó, ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti ṣílè àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ àgbà, fàdákà gidi. Ó gbé ẹ̀rọ kọjá lórí wọn. Irin dún wúwo bí ọ̀pọ̀lọ́, nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Fàdákà dún tín-ín-rín, nọ́ńbà fò sókè. Lẹ́yìn náà ló wá fi bọ́tìnnì kan hàn mí, ó ní, “Ẹ tẹ ibí yìí. Irin ò ní lè dún sí yín létí mọ́.” Ó tún gbé e kọjá. Ìṣó ò fọhùn. Ìdérí ò fọhùn. Ṣílè nìkan ló ké, ó sì dùn ún gbọ́. Ó kìlọ̀ pé kò sí èyí tó lè ríran kọjá ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ẹni lè wọ̀ nínú ilẹ̀, kí n má wá bá òun jà. Mo ní èyí ni mo fẹ́. Ó dá owó lé e, mi ò ná an, mo sanwó. Ó dà bíi pé ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù, nítorí ó sáré fún mi ní bátìrì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ìbàdàn kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Mo pa ohùn irin, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ tó ti ń pariwo tẹ́lẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbé e gba ibi ìdáná, abẹ́ àtíbàbà, ìdí kànga, gbogbo ẹ̀yìnkùlé, àfi ibi tí a ti wẹ bàbá tí a yà fún. Nídìí ògiri alámọ̀, ó ké tín-ín-rín. Mo gbẹ́ ẹ, ṣílè fàdákà kan ni, ó ti dúdú. Inú mi fẹ́ dùn. Ẹ̀gbọ́n mi gba ṣílè náà, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó ní ẹ̀rọ yìí ò purọ́, bó bá lè rí ti ayé àwọn bàbá ńlá wa, kò ní ṣàìrí ti àná. Ó ní òrùka ti jáde nílé yìí, ẹni tó mú un jáde la mọ̀. Ó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ lòun máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí mọ́sáláṣí. Bí mo ṣe fi owó mi ra ẹlẹ́rìí ta ko bàbá ìyàwó mi nìyẹn.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó ti ẹ̀rọ náà. Rédíò tí kò bá pariwo rárá, èmi máa ń fura sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jẹ́ kí irin máa dún padà, mo sì gba ibi tí a ò gbà. Mo kọ́kọ́ ní, “Bàbá, ẹ má bínú.” Mo nà án sórí kòtò ìwẹ̀. Ó dún wúwo bí ọ̀pọ̀lọ́, ní ojú kan ṣoṣo.

Mo fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Òkúta pupa ló kọ́kọ́ yọ. Òrùka bàbá mi ni, kò ṣeé ṣì mọ̀, ibi tí òkúta ti sán díẹ̀ nígbà tí wọ́n fi kan ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ ha inú rẹ̀, àwọ̀ funfun náà bó sílẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Irin ni. Irin lásán tí wọ́n fi fàdákà pa lójú. Ẹnìkan ti yọ òkúta kúrò lára ti tòótọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ eléyìí. Mo rántí pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní yunifásítì, ọdún kan wà tí a ò mọ ibi tí owó iléèwé rẹ̀ máa ti wá, tí bàbá kàn ní ó ti wá. Mi ò mọ̀ o, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ti jẹ òrùka tó ń wá tán látọjọ́ yẹn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń retí pé kí nǹkan kan ṣe mí. Kò dùn mí, kò sì tù mí lára.

Mo fi í sápò, mo lọ bá àna mi. Wọ́n ń to igi ìdáná. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣí ọwọ́. Wọ́n wo òrùka náà, wọn ò fọwọ́ kàn án.

“Ìwọ nìkan ló rí i?”

“Èmi nìkan ni, bàbá.”

“Ipa rẹ̀ dúdú ní ìka wọn. Gbogbo ọṣẹ tí mo lò, kò kúrò.” Wọ́n to igi kan lé èkejì. “Bò ó padà.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi máa tẹ́ wọn ní Jímọ̀, ẹnu mi nìkan ló lè gbà wọ́n. Wọ́n ní ta ni mo fẹ́ kó tẹ́, àwọn tí wọ́n wà láyé tí wọ́n lè dá ara wọn lóhùn, àbí ẹni tí kò lè fọhùn mọ́? Mo padà sílé, mo bò ó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè láti béèrè bóyá ẹ̀rọ tún rí nǹkan, mo ní ìṣó ni. Ìyàwó mi ti dé ní ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ló ní kó máa lọ sílé ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ tí mo ní ìṣó ni, ó ń gé ẹ̀fọ́ lọ. Kò béèrè òrùka lọ́wọ́ mi títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ fún un. Òun kò fìgbà kan nílò ẹ̀rọ láti mọ ẹni tí bàbá òun jẹ́.

Ní Jímọ̀, àwọn àgbà bi àna mi, wọn ò sọ ju ohun tí wọ́n ti sọ lọ. Àwọn àgbà ní kí wọ́n lọ sinmi ná. Ìwọ náà mọ ohun tí ìsinmi báyẹn túmọ̀ sí láàárín wa.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo wà lọ́dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́ kan, mò ń bá wọn tún rédíò wọn ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí igbe ta nílé kejì. Bàbá ibẹ̀ ti kú, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré. Àna mi dìde, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè kí wọ́n tó rántí. Àwọn ọmọ òkú jáde, wọ́n gba iwájú wa kọjá, wọ́n ń lọ pe ẹlòmíràn láti ìlú Awo. Àna mi ní, “Ẹ kú ìrọ́jú.” Wọ́n dáhùn, wọn ò dúró. Mo di irin tí mo fi ń tú rédíò mú ṣinṣin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó wà lẹ́nu mi, ká ní mo sọ ọ́ ni, wọn ì bá yà.

Àna mi rí mi. Wọ́n rọra tú ọwọ́ aṣọ wọn sílẹ̀, wọ́n jókòó.

“Dákẹ́,” ni wọ́n wí. “Mi ò tíì wẹ bàbá rẹ tán.”

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún bàbá mi fún ìgbà àkọ́kọ́.