Dígí Aláṣọ Àrán

Kò sí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò ní Ìlógbò tó Ìbíyẹmí. Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ kó tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1982. Fìlà àti agbádá ló wá ń kóṣẹ́ sí nílé. Àmọ́ iṣẹ́ kan ò bà á lẹ́rù rí tó èyí tí Bàbá Fásanmí gbé wá láti Ìjúrìn.

Dígí àtijọ́ ni. Aṣọ àrán ni wọ́n fi bo férémù rẹ̀, wọ́n sì fi òwú sẹ́dà kó ẹyẹ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó Bàbá ló kó o nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà. Ìyàwó náà ti kú, ikán sì ti wọ igi férémù, Bàbá wá fẹ́ kó bá òun ṣí aṣọ náà kúrò, kó sì rán an mọ́ igi tuntun.

"Ìyá Yẹ́misí," ni Bàbá pe Ìbíyẹmí, "tí dígí yìí bá fọ́, a jẹ́ pé mo sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

 Ìbíyẹmí gbé dígí nàró lé itan, ó mú bíléèdì, ó ń já òwú ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ kẹta, ìyẹ̀fun igi dà sí i lẹ́sẹ̀. Igi ti tán nínú férémù. Aṣọ nìkan ló di dígí mú, dígí sì ti ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ gbé e. Ẹ má fà á o."

Bàbá kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀.  Òwú méje ló kù. Ìbíyẹmí já a tán, dígí sì bọ́ sí Bàbá lọ́wọ́ láìsán.

Bí Ìbíyẹmí ṣe ní kí òun gbọn aṣọ báyìí, ẹyẹ kan fà ya, ó rún mọ́ ọn lọ́wọ́. 

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mo lè kó òmíràn síbẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Bàbá wo ibẹ̀ títí.

"Tìrẹ nìyẹn máa jẹ́," ó ní. "Fi ààyè ẹ̀ sílẹ̀."

Káfíńtà tó ń jẹ́ Kàsúmù gbẹ́ férémù tuntun. Ìbíyẹmí rán àrán náà padà sára rẹ̀, tòun tẹyẹ mẹ́ta. Nígbà tí Bàbá wá gbé dígí náà, orí itan ló gbé e lé nínú mọ́tò títí ó fi dé Ìjúrìn.