Fọ́tò Èmi àti Kẹ́hìndé

Òórùn epo pupa tí ìyá mi ń sè lẹ́yìnkùlé ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí dísìkì bàbá mi kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Onífọ́tò ni bàbá mi ní Pobè. Inú àpótí kékeré dúdú yẹn ló kó gbogbo fọ́tò ilé wa sí, ó sì máa ń fọ́nnu pé òjò ò tún lè bà wọ́n jẹ́ mọ́. Òjò kọ́ lóòótọ́. Ewúrẹ́ wa ló fẹsẹ̀ kọ wáyà rẹ̀, tí ó fi já lulẹ̀.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyá mi ń sunkún lé lórí. Ìbejì ni mí. Kẹ́hìndé ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ya wá, ni bàbá mi bá ya èmi nìkan, ó sọ mí di méjì lórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbé wa jókòó sórí àga kan náà. Ikán ti jẹ èyí tó wà lára ògiri. Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi ni.

A gbé dísìkì náà lọ sọ́dọ̀ Lásísì, ará Ìbàdàn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́jà Sakété. Ó ṣe é títí, ó rí ìgbéyàwó àti ìkómọjáde yọ, kò rí ti èmi àti Kẹ́hìndé. Ó ní ká gba èyí tó wà. Ìyá mi wá ṣàlàyé fún un pé Kẹ́hìndé tó wà nínú fọ́tò yẹn ti lọ ṣẹ́gi. Lásísì rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì, ìyẹn ò le. Tó bá ti ti igbó dé, ẹ tún un ya."

Bàbá mi ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹni tó lọ ṣẹ́gi yẹn ò ní í bọ̀ mọ́."

Ojú Lásísì yí padà. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn ní Ìbàdàn, ẹni tó bá lọ ṣẹ́gi, ilé ló ń bọ̀. Ó bẹ ìyá mi, ó tún jókòó ti dísìkì náà, kò sì dá oníbàárà kankan lóhùn títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tó pè wá, àwa méjèèjì la jókòó lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa rí rọ̀bọ̀tọ̀. Ìyá mi yí kọ̀ǹpútà náà sí àwọn obìnrin tó ń ta gààrí nítòsí.

"Ẹ wá wo àwọn ọmọ mi."

Orí mi wú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà rò pé iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni ìyá mi ń fi yangàn. Èmi náà ti bímọ báyìí, ní Takon. Mo ti wá mọ̀ pé ọmọ méjì ló bí, méjèèjì ló sì ń fi hàn wọ́n.