Ìbọ̀wọ́ Rọ́bà Tí Mo Ṣe fún Tàǹtí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Àjídò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ń tì mí díẹ̀, àmọ́ màá sọ ọ́.

Àbúrò màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tàǹtí, ń yan ẹja tà. Àkísà ni wọ́n fi ń gbé wáyà tí wọ́n to ẹja lé kúrò lórí iná, àkísà ọ̀hún sì máa ń gbiná nígbà míì. Èmi ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́ nípa rọ́bà ní yunifásítì, mo ní kí n ṣe ìbọ̀wọ́ fún wọn.

Mo po lẹ́búlẹ́bú kábọ́ọ̀nù mọ́ oje igi rọ́bà. Kí nìdí? Àwọ̀ dúdú kì í jẹ́ kí èéfín hàn, kábọ́ọ̀nù sì ló ń jẹ́ kí rọ́bà le bíi táyà. Mo bù ú sí i dáadáa. Nígbà tí mo kó ìbọ̀wọ́ náà fún Tàǹtí, inú wọn dùn, wọ́n fi han gbogbo aládùúgbò.

Nígbà tí mo padà lọ ní Sátidé, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi na ẹja sí mi. Tàǹtí kẹ̀? Àwọn tó máa ń gbá mi lọ́wọ́ tí mo bá fi òsì gba nǹkan?

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ọwọ́ ọ̀tún. Wọn ò fẹ́. Nígbà tí wọ́n jàjà là á, àtẹ́lẹwọ́ ti bó, omi sì ti kóra jọ sábẹ́ awọ.

Wọ́n fi èdè Ègùn pè mí, wọ́n ní, “Vi ṣie, ọmọ mi, ìbọ̀wọ́ ẹ dáa o. Ó kàn máa ń gbóná díẹ̀ ni.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò bọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwé tí ọmọ àwọn ń kà kò wúlò. Mo sunkún.

Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Iṣẹ́ ìwádìí mi gan-an nìyẹn! Rọ́bà lásán kì í tètè jẹ́ kí ooru kọjá. Tí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀ nínú rẹ̀ débi tí àwọn ẹ̀rún rẹ̀ ń fara kanra, ooru á rí ọ̀nà gbà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ronú pé ọwọ́ ẹnì kan máa wà lódìkejì rọ́bà náà.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, a sì lọ gba ìtọ́jú ní Badagry. Mo ti ṣe òmíràn tí kò ní kábọ́ọ̀nù, mo fi aṣọ tó nípọn sínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi gbé wáyà gbígbóná.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé, tẹ́ ẹ bá fún ẹni tó fẹ́ràn yín lẹ́bùn, ẹ má kàn bi wọ́n bóyá ó dáa. Wọ́n á ní ó dáa. Ẹ wo ọwọ́ wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fara da ìrora kó má bàa dùn yín? Ẹ sọ tiyín fún mi níbí.