Àbúrò Mi Tó Ń Tọ Òórùn Epo Lábẹ́ Ilẹ̀

Bí ilé epo kan bá fẹ́ kógbá sílé, wọn ò kàn ní í ti géètì kí wọ́n máa lọ. Tánkì ràgàjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fa epo tó kù nínú ẹ̀ jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má baà gbiná, katakata á wá wú u jáde bí ẹni wuṣu. Ìgbà náà ni wọ́n á pe àbúrò mi obìnrin. Òun ni yóò wọ inú kòtò lọ wádìí: ṣé epo ti ń jò sínú ilẹ̀ ni? Bó bá jò, ibo ló rìn dé?

Imú-kì-í-parọ́ ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Kò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá.

"Ẹ gbà mí o," á ní, "imú lè parọ́. Ọ̀fìnkìn kékeré báyìí, imú ti di. Ìgò ni kì í parọ́."

Ìgò tó ń wí ni èyí tó ń bu yẹ̀pẹ̀ sí, tó ń dé pinpin, tó ń tẹ̀ mọ́ àárín yìnyín títí yóò fi dé yàrá àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀ ní irọ́ ló ń pa, pé bí òun bá ti òde wọlé, imú ló fi ń kọ́kọ́ kí òun.

Ìgbà tó lọ kọ́ nípa ilẹ̀ nílé ìwé gíga, àwọn ará ilé wa ń bi í bóyá oko ló fẹ́ lọ dá. Bàbá wa nìkan ni kò bi í. Ẹsẹ̀ páǹpù ni bàbá wa ti lo ayé wọn, wọ́n ń ta epo ní ilé epo tó wà ní oríta, títí irun wọn fi funfun. Bí wọ́n ti ń fi ọṣẹ fọwọ́ tó, òórùn epo ò kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Ilé epo yìí gan-an ló wá di ohun tí wọ́n fẹ́ tì. Ẹni tó ni ín ti kú, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin fẹ́ wó o, kó fi ilẹ̀ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi lọ bá ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ní, "Sà, ibẹ̀ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má baà ní mo ṣègbè, bí ẹ bá fẹ́ rán ẹlòmíràn, ẹ rán an." Ọ̀gá ní, "Mo gbọ́. Ta ló tún mọ kòtò wò bíi tìẹ? Máa lọ."

Wọ́n hú tánkì náà, kò sí ihò lára ẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ẹ̀ pọ́n dáadáa, bó ṣe yẹ kó pọ́n. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ọkọ̀ tó ru yanrìn tí wọ́n fẹ́ fi dí kòtò ti ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹ ní sùúrù," ni àbúrò mi wí. "Tánkì nìkan kọ́ ló ń jò. Ẹ jẹ́ ká tọ páìpù."

Wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ tọ páìpù lọ sídìí àwọn páǹpù. Níbi páǹpù tó kángun sí ògiri, lábẹ́ oríkèé páìpù, yẹ̀pẹ̀ yí padà. Ó dúdú, ó ń dán bí ẹni da òróró sí i. Ẹ̀rọ kékeré tó fi ń gbọ́ òórùn epo sì figbe ta. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni àgbàlá ìyá alágbàfọ̀ kan wà, kànga inú àgbàlá ọ̀hún ni gbogbo àdúgbò sì ń pọn.

Ọmọ onílé epo ní, "Àǹtí, ẹ dákun. Yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ ká da yanrìn lé e."

"Bí a bá da yanrìn lé e, ṣé epo ọ̀hún ò ní mọ ọ̀nà mọ́ ni?"

Nígbà tí ọmọ onílé epo kò rójú ẹ̀, ó ránṣẹ́ pe bàbá wa. Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé wọn lọ. Bí ọkùnrin náà ti rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lórí kẹ̀kẹ́ bàbá wa ló ti ń wá láti ilé ìwé nígbà tó wà ní kékeré.

"Bàbá, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín."

Bàbá kọjá lára ẹ̀. Wọ́n lọ dúró létí kòtò. Àbúrò mi kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó kí wọn.

"Ibi tí mo ń dúró sí rèé," ni bàbá wí. "Ṣé epo ló sọ ọ́ dà báyìí?"

"Epo ni, Bàbá."

"Ṣé ó ti dé kànga?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ wò nìyẹn."

Bàbá yíjú sí ọkùnrin náà. "Ọmọ mi, mo pọ̀n ọ́ rí. Bó bá jẹ́ ohun ọwọ́ mi lo ń tọrọ, ma fún ọ. Ṣùgbọ́n bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Jẹ́ kó wò ó tán."

Mo ti mọ bàbá wa tipẹ́, mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Àbúrò mi tẹjú mọ́ ìgò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń dé e lọ. Ọkùnrin náà jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ó ní, "Àǹtí, kí ni ká ṣe?"

Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ dúdú náà títí wọ́n fi kan èyí tó mọ́. Àbúrò mi lọ lu ilẹ̀ ní àgbàlá alágbàfọ̀, ó bu omi ibẹ̀, ó bu ti kànga náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì pọn ún. Inú bí ìyá alágbàfọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé inú ihò ni wọ́n bí ọ sí ni? Itọ́ ni kí n fi fọ aṣọ aláṣọ àbí kí ni?" Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣí kànga. Tánkì omi ni ọmọ onílé epo fi ń gbé omi fún àdúgbò láàárín ìgbà yẹn, kò sì kùn.

Èsì dé. Epo ti sún mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n amọ̀ líle tó wà níbẹ̀ ti dá a dúró. Omi kànga mọ́ tónítóní. Ká ní wọ́n da yanrìn lé e lọ́jọ́ yẹn ni, òjò mélòó kan sí i, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ.

Àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló lọ sọ fún ìyá alágbàfọ̀. Èmi àti bàbá tẹ̀ lé e. Obìnrin náà ju okùn sínú kànga, ó fa omi, ó gbé garawa wá síwájú àbúrò mi, ó tẹ̀ ba.

"Na ẹsẹ̀."

"Ẹ̀yin Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ma fọ̀ ọ́ fúnra mi."

"Mo ní o na ẹsẹ̀, jàre."

Ó sì ń bu omi, ó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà ẹ̀, ìkan lẹ́yìn ìkejì. Bàbá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n di ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo àbúrò mi bí ẹni pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i lọ́jọ́ náà ni.