Ìwé Tí Mo Jókòó Lé

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí irun àgbọ̀n kan ṣoṣo ń tàn mí pé mo ti dàgbà, mo jókòó lé ìwé oníwèé nítorí pé ojo ni mí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín tèmi.

À ń já ẹrù ní Kirikiri, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀. Ọ̀gá wa, abikùn ńlá, ti sọ pé ẹni tó bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, ilé ló ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀ wá, àpò ìrẹsì kan sì ṣe mí bíi bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo máa jí, mo rí ọkùnrin kan lórí àpótí: á wò wá, á wo ìwé, gègé rẹ̀ á sáré. Mo ní ó parí, ọ́fíìsì ti rán ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn olóorun. Bó ṣe dìde lọ ra omi, mo mú ìwé náà, mo fi ìdí bò ó.

Nígbà tó yá, mo yọ́ ọ ṣí. Kò sórúkọ kankan níbẹ̀. Àwa ni. Ìlà yíǹkì mẹ́ta péré, ẹ̀yìn tó tẹ̀ lábẹ́ àpò ti jáde. Kò sójú, kò sẹ́nu, síbẹ̀ mo mọ gbogbo wọn, títí kan ìyá oníbúrẹ́dì tó ń lé eṣinṣin. Lónìí, fóònù yín á ya ogún àwòrán kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ ò sì ní padà wò wọ́n. Tọkùnrin yìí, ó ní láti fi gègé mú èèyàn kó tó rìn kọjá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù, mo bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló pe ọ̀gá wa wá. Ó gba ìwé, ó ń ṣí i, ó dúró síbi ẹnì kan tó nà gbalaja lórí àpò, ẹsẹ̀ kan rọ̀ sílẹ̀ dirodiro.

"Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Mo ń dúpẹ́ nínú mi pé àwòrán náà ò lójú. Ayàwòrán sáré dé.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ìwé mi ni. Ẹ má fà á ya."

Ọ̀gá ṣí ewé tó tẹ̀ lé e. Olóorun náà tún wà níbẹ̀, ẹnì kan sì dúró tì í, ikùn rẹ̀ ṣíwájú, ó fi páálí dí oòrùn fún un. Gbogbo Kirikiri ló mọ ikùn yẹn. Àwọn tó yọjú wò ó ti ń di ẹ̀rín mọ́nú.

Ọ̀gá pa ìwé dé, ó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ó wá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ká òun mọ́bi olè.

"Gbé àpò, jàre. Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ lé ẹ ni, ṣé mi ò bá ti lé ẹ kó o tó jí?"