Moríyọ̀ Oníkẹ̀kẹ́ àti Ìpàdé Ọjọ́ Sátidé

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Moríyọ̀ wa kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ wọ gọ́tà ní Ìperu, tòun ti èrò kan ṣoṣo tó gbé, Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Òjò kò rọ̀, ọkọ̀ kankan kò sì dí i lọ́nà. Ọtí inú ọ̀rá mẹ́ta ló ti fà mu kó tó jáde nílé.

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Moríyọ̀ nígbà náà. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń ná Ìperu sí Ògèrè. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni wọ́n sọ fún un pé ọtí máa ń lé àárẹ̀ lọ. Kó tó pé ọdún mẹ́rin, bí kò bá tíì mu ún láàárọ̀, ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Ọrùn ọwọ́ màmá náà ṣẹ́. Ní ọsibítù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣe káfíńtà, Akínkúnmi, súnmọ́ Moríyọ̀ débi tí Moríyọ̀ fi rò pé ó fẹ́ gbá òun létí. Òórùn ẹnu rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́.

"Mélòó lo mu?"

"Mi ò mu nǹkan kan, sà."

"Èmi lò ń purọ́ fún? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pa irú irọ́ yẹn."

Kò pe ọlọ́pàá. Ó ní, "Sátidé, aago mẹ́rin, ní Ṣàgámù. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n yá wa ní ilé ìwé kan nítòsí àdúgbò Òfin. Gbogbo àwa tó ń pàdé níbẹ̀, ọtí là ń bá jà. Wá."

Moríyọ̀ rò pé ó fẹ́ dọdẹ òun ni. Ìyá rẹ̀, Kòfowórọlá, tún wá dá kún ẹ̀rù náà. "Ìpàdé wo ni wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ síta? Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn ńkọ́?"

Síbẹ̀, ó lọ. Ó wa kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé ìwé náà, ó yí padà, ó tún kọjá. Nígbà kẹrin, ó rí Akínkúnmi lójú fèrèsé tó ń to bẹ́ǹṣì. Kò sí ọlọ́pàá kankan. Àmọ́ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó padà sí Ìperu, ó sì mutí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọlé. Èèyàn mẹ́jọ ló bá, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Bàbá Àdìsá, tó ti wa tírélà rí, ń sọ bí òun ṣe mutí sùn lọ nínú mọ́tò títí wọ́n fi parí ìgbéyàwó ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Wọ́n kàn ń gbọ́ ni. Èyí gan-an ni Moríyọ̀ kò lè fara dà. Ó wo òrùlé, ó wo ilẹ̀kùn, ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan sínú kẹ̀kẹ́. Ló bá lọ pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, Akínkúnmi pè é. "O ṣe ogójì ìṣẹ́jú. Èmi ò lè ṣe mẹ́wàá nígbà àkọ́kọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ara mi kì í balẹ̀ níbẹ̀."

"Wá dúró lórí ìdúró nígbà náà. Ta ló ní dandan ni kó o jókòó?" Ó kìlọ̀ fún un pé kó má ṣàdédé dá ọtí dúró láìrí dókítà, nítorí gìrì lè mú ẹni tí ọtí ti mọ́ lára. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ.

Sátidé karùn-ún ni Moríyọ̀ tó lanu, lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Èmi ni mo mutí yó tí mo fi ṣẹ́ màmá Ẹ̀gbọ́n Akínkúnmi lọ́wọ́."

Akínkúnmi kò gbójú sókè títí ìpàdé fi parí. Níta, ó sọ fún un pé, "Mi ò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí ẹ. Àmọ́ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó wá. Ó lọ bẹ Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù náà. Màmá dá a lóhùn pé, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò wọ kẹ̀kẹ́ rẹ mọ́." Títí dòní, kò wọ̀ ọ́.

Ní oṣù kẹrin tó ti jáwọ́ nínú ọtí, èrò kan gbàgbé ọtí inú ọ̀rá méjì sórí ìjókòó. Moríyọ̀ mu méjèèjì. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọlé, kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, bí ẹni tó wá dágbére.

"Mo ti bà á jẹ́."

"Èmi bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà," ni Bàbá Àdìsá wí. "Láti ọjọ́ wo ká tún máa kà á?"

"Láti àná, sà."

Oṣù méje rèé tí ọtí kò kan ẹnu rẹ̀. Ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ní gáréèjì Ògèrè, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà, bó tilẹ̀ jìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ bi í pé ìgbà wo gan-an ni ìpàdé yìí máa tán.

"Mi ò mọ̀, Màámi. Ti Sátidé tó ń bọ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Ó ń fọwọ́ yí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ti dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀.